Pùròpẹ́là ẹ̀yìn Hilux mi: láti orí kírọ́ọ̀sì mẹ́ta tó já dé orí ṣáfúù tá a rọ tuntun

Kírọ́ọ̀sì kẹta ló já mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà oko wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Pùròpẹ́là ni ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti ìdí gíà dé táyà ẹ̀yìn, kírọ́ọ̀sì sì ni oríkèé tó ń jẹ́ kó lè tẹ̀ kó sì máa yí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, pákí kún ẹ̀yìn mọ́tò dẹ́nu, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jókòó síwájú. Láti àárọ̀ la ti ń gbọ́ ọ tó ń dún kín-ín, kín-ín, kín-ín, bí ọmọ ẹyẹ tó há sábẹ́ mọ́tò, tí mo bá sì ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tórótù á dún gbọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ká ṣì máa lọ, tá a bá délé a ó wò ó. A ò délé. Ibì kan wà tí àgbàrá ti la ọ̀nà sí méjì, ibẹ̀ ni mo ti rọra tẹ̀ ẹ́ kó lè gun òkè, mo kàn gbọ́ gbàgà! ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí mọ́.

Mo wọ abẹ́ ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn. Pùròpẹ́là ti já kúrò ní imú díífù, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó na gbalaja sílẹ̀. Kírọ́ọ̀sì, fún ẹni tí ò bá tíì tú u rí, apá mẹ́rin ló ní, fìlà irin kékeré kan ló máa ń dé orí apá kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ ló sì tò sínú fìlà yẹn tí apá fi ń rí yí. Nínú mẹ́rin tèmi, fìlà kan ti fò wọ igbó lọ, àwọn mẹ́ta tó kù pupa fòò, ìpata tó wà lára wọn kúnná bí osùn, mo fọwọ́ kàn án ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo fi aṣọ nu apá kan, mo wá rí i pé àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ti kọ ilà sí i lára, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni kọ àbàjà. Kírọ́ọ̀sì yìí ò tíì lò tó oṣù mẹ́rin o. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà, bó ṣe rí nìyẹn nígbà tá a tú u, ilà kan náà, níbì kan náà, àmọ́ nígbà yẹn mi ò kà á sí.

Bá a ṣe délé lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní four-wheel gbọ́ ọ. Hilux tèmi, ọdún 2008, 2.7 onípẹtiróò, gíà ọlọ́wọ́, ẹ̀yìn ló máa ń fa mọ́tò nígbà gbogbo, iwájú ò ní bá a fà àfi téèyàn bá ti lífà sí 4H. A mú sípánà 14, a tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó so pùròpẹ́là mọ́ ìdí gíà, a tú bóòtù méjì sẹ́ńtà bẹ́ríǹ, ìyẹn bẹ́ríǹ tó gbé àárín pùròpẹ́là rọ̀ sábẹ́ mọ́tò, a fa gbogbo ẹ̀ jáde látòkè délẹ̀ kó má bàa máa jùwọ̀n jùwọ̀n lábẹ́ mọ́tò, a gbé e sórí pákí. A já ìdajì ẹrù sílẹ̀ sábẹ́ igi obì kan, mo ti lífà sí 4H, mo rọra gbé e, táyà iwájú nìkan ló fa wa dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kódà nígbà tá a dé orí títì ọlọ́dà, kò sí wàhálà, torí iwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹ̀yìn tó ń bá a jà. Mi ò sáré ṣá.

Kí ẹ tó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe gbé mọ́tò náà sókè. Ọ̀nà oko wa, amọ̀ pupa ni, lásìkò òjò ìkòtò táyà àwọn lọ́rì agégi á jinlẹ̀ débi pé abẹ́ Hilux lásán á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ lórí ilẹ̀ àárín. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé e sókè ní ínṣì mẹ́rin lọ́dún tó kọjá: síwájú, sípésà lórí ṣọ́kì, sẹ́yìn, búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́ta láàárín ásùlù (ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì) àti sípíríǹ, ṣákù gígùn, ìyẹn irin tó so ìdí ẹ̀yìn sípíríǹ mọ́ féréèmù, sì fún wa ní ínṣì kan tó kù. A wọ táyà 265/75R16 sí i. Mọ́tò rí gbọ̀ngbọ̀nràn, ó dùn ún wò, ó ń kọjá níbi tí mọ́tò ẹlòmíì ń rì sí. Kò sẹ́ni tó bojú wo pùròpẹ́là nínú gbogbo ẹ̀, títí kan èmi alára.

Látìgbà tí mọ́tò ti wọ̀lú tokunbo títí dìgbà tá a gbé e sókè, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì ẹ̀. Lẹ́yìn tá a gbé e, mẹ́ta láàárín ọdún kan. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: fẹ́ékì ni, ọjà ti bàjẹ́, lọ ra ojúlówó. Mo ra ojúlówó, mo ra èyí tó wọ́n jù ú lọ, mo ránṣẹ́ sí Ládípọ̀. Wọ́n kú. Mo gbà pé fẹ́ékì pọ̀ lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kírọ́ọ̀sì mẹ́ta láti ọwọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó kú ikú kan náà, nǹkan míì ló ń pa wọ́n.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la bẹ̀rẹ̀ sí wọn nǹkan. Ọ̀gá mẹ̀káníìkì mi níbí, ẹni tó ti ń bá mi ṣe mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní kírọ́ọ̀sì àlòkù kan nílẹ̀, a fi ìyẹn so pùròpẹ́là padà lásán ká lè rí i wọ̀n. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí kọnkéré tó tẹ́jú, a kó àpò gàrí mẹ́ta sẹ́yìn kó lè jókòó bó ṣe máa ń jókòó. Ẹ má fi jáàkì gbé e sókè kí ẹ tó wọn ún o, tí ásùlù bá ti so rọ̀, ohun tí ẹ wọ̀n kì í ṣe ohun tí mọ́tò ń lò lójú títì. Ápù tó ń wọn ìdagun wà lórí fóònù mi, mo kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n olómi ti bírìkìlà kan kó lè dá mi lójú, lẹ́yìn náà mo ń gbé fóònù lé ara irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ń tan tọ́ọ̀ṣì, àbúrò mi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé pùròpẹ́là Hilux yìí, ọ̀nà méjì ni: ṣáfúù kúkúrú kan láti ìdí gíà dé sẹ́ńtà bẹ́ríǹ, ṣáfúù gígùn kan láti ibẹ̀ dé imú díífù, kírọ́ọ̀sì mẹ́ta ló sì wà lára ẹ̀. Ìdí gíà dà sẹ́yìn ní dígírì 3. Ṣáfúù àkọ́kọ́, 3.5. Ṣáfúù kejì, 12.5. Imú díífù wò sókè ní 7.5. Ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì, ẹ ó rí bí kírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe ṣẹ́ tó, ìyẹn bó ṣe tẹ̀ bí ìgúnpá, kì í ṣe pé ó kán: kírọ́ọ̀sì iwájú ń ṣẹ́ ní ààbọ̀ dígírì péré, tàárín ń ṣẹ́ ní 9, tẹ̀yìn ń ṣẹ́ ní 5. Ọ̀gá wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì yìí ò bára wọn ṣọ̀rẹ́."

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kírọ́ọ̀sì tó bá ṣẹ́, kì í yí geere. Bí ẹni tó ń tì í bá tiẹ̀ ń yí dọ́gba, ẹni tí wọ́n ń tì á yára lẹ́ẹ̀mejì á sì falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan, bó bá ṣe ṣẹ́ tó ni ìjà yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Ní dígírì 5 kò tó ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ní 9 ó ti lé ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, téèyàn bá gbé e dé 20 á ti di mẹ́fà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bò ó ni pé kírọ́ọ̀sì kejì máa ń yára nígbà tí àkọ́kọ́ bá ń falẹ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, àmọ́ àfi kí méjèèjì ṣẹ́ bákan náà, kí fọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lórí ṣáfúù, ìyẹn ẹnu irin oníka méjì tó di kírọ́ọ̀sì mú, sì tẹ́ sójú kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé: orúkọ Gerolamo Cardano ará Ítálì, ẹni ayé ọdún 1500 lọ, ló wà lára ẹ̀ títí dòní, Robert Hooke ará Gẹ̀ẹ́sì náà ṣiṣẹ́ lé e lórí ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, nígbà tó sì di 1903 ni Clarence Spicer gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ti mọ́tò.

Tèmi wá ń ṣẹ́ ní 9 níbì kan, 5 níbì kejì. Ìjà tó ṣẹ́kù láàárín méjèèjì ò rẹ́, inú kírọ́ọ̀sì àti sẹ́ńtà bẹ́ríǹ ló ń lọ. Mo ṣírò ẹ̀. Ọ̀gá yí táyà ẹ̀yìn kan, àbúrò mi yí ìkejì pẹ̀lú wọn, wọ́n yí i pọ̀ ní ìpo kan, mo ń wo àmì tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà sára ṣáfúù: ìpo mẹ́rin àti díẹ̀. Díífù 4.1 nìyẹn. Pẹ̀lú táyà tí mo ń lò, tí mo bá wà lórí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, pùròpẹ́là ń yí nǹkan bí 2,700 ìpo ní ìṣẹ́jú kan, ìjà náà sì ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìpo kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tábílì ilé iṣẹ́ Spicer tó ń ṣe kírọ́ọ̀sì sọ pé ní 3,000 ìpo, kírọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ju 5.8 lọ, ní 2,500 kò gbọ́dọ̀ ju 7 lọ. Mo sì ń fi 9 sáré lọ sí Ṣágámù!

Ṣákù gígùn ló dá kún un. Ìdí ẹ̀yìn sípíríǹ ló máa ń tì sílẹ̀, sípíríǹ á dagun, ásùlù á bá a yí, imú díífù á wá máa wo òkè. Èèyàn lè rò pé ìyẹn dáa torí imú ń wo ibi tí ṣáfúù ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n lórí pùròpẹ́là bí irú èyí, kì í ṣe pé kó máa wo ṣáfúù la fẹ́, ohun tá a fẹ́ ni pé kó bá ṣáfúù àkọ́kọ́ dọ́gba.

Ohun kejì tá a rí bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Nígbà tá a gbé ṣáfúù kejì sórí tábílì, fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, fọ́ọ̀kì iwájú yí sápá kan, ó ti fi eyín kan tàbí méjì ṣì wọ̀ níbi tí apá ṣáfúù kan ti wọ inú ìkejì, tí eyín wọn fi ń sún wọlé sún jáde. Ṣọ́ọ̀bù kan tó bá mi pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì kejì ló fà á yọ láìsàmì sí i, ó sì tì í padà bó ṣe bá ọwọ́ ẹ̀ mu. Àmì kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà díẹ̀ lára méjèèjì kí wọ́n tó fà á, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ibẹ̀ náà la ti rí i pé ṣáfúù ti kúrú fún mọ́tò. Ibi tí eyín ń wọ ara wọn, ó máa ń dán níbi tó ń lò, ibi dídán tèmi ò ju nǹkan bí ínṣì kan àtààbọ̀ lọ. Tí ásùlù bá so rọ̀ sínú kòtò, díẹ̀ ló kù kó yọ.

Ìbéèrè tó kàn ni kí la fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ṣágámù tí wọ́n ń gun Wrangler JK gbà mí níyànjú pé kí n fi kírọ́ọ̀sì oníbejì sí i, ìyẹn kírọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n dè mọ́ra lórí kan. Lórí Jeep tiwọn òótọ́ ni, torí ohun tó wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ níwájú pùròpẹ́là kì í ṣe kírọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ tí rọ́bà bò ni, téèyàn bá sì ti gbé JK kọjá ínṣì mẹ́ta, rọ́bà yẹn á ya, gírísì á dà nù, ó parí. Àwọn pààrọ̀ tiwọn sí oníbejì tí wọ́n ń pe ìwọ̀n ẹ̀ ní 1350, fìlà ẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 30 mílí. Ó ń lọ bí ọyẹ́. Ṣùgbọ́n oníbejì fẹ́ kí imú díífù dojú kọ ṣáfúù tààrà, mọ́tò tèmi onísípíríǹ ewé, ó ń gbé pákí lónìí, ó ń sá lásán lọ́la, imú ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá sì bàjẹ́ nínú igbó lọ́jọ́ kan, níbo la ti máa rí ẹ̀yà ẹ̀ rà ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Mo fi sílẹ̀. Mo fẹ́ nǹkan tí mo lè fi háńmà àti fàísì tún ṣe.

Ìpinnu tó nira fún mi jù ni pé kí n fi ínṣì kan sílẹ̀. Ọ̀gá ti sọ ọ́ ṣáájú, mo kọ́kọ́ kọ̀, mo wá sùn lé e, mo rí i pé òótọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́ta jáde, ínṣì méjì wọlé. Yúbóòtù tuntun, ìyẹn bóòtù títẹ̀ tó de sípíríǹ mọ́ ásùlù, la lò, èyí tí wọ́n ti dè tí wọ́n sì ti tú rí, ó ti na, kì í mú mọ́. A wá fi wẹ́ẹ̀jì onírin dígírì méjì sáàárín búlọ́ọ̀kù àti ásùlù, ibi tó nípọn kọjú síwájú, kí imú díífù lè tẹrí ba padà. Alúmíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún mi, mo ní rárá, ìyẹn máa ń fọ́ lábẹ́ ẹrù. Ti sẹ́ńtà bẹ́ríǹ, a gé irin pẹrẹsẹ méjì tó nípọn 20 mílí, a lu ihò sí i, a fi sáàárín ẹ̀ àti abẹ́ mọ́tò, bóòtù gígùn ló dè é.

Ṣáfúù fúnra ẹ̀, Ṣágámù la gbé e lọ, lọ́dọ̀ bàbá tọ́nà kan tí irun wọn ti funfun tán, tí ẹ̀rọ wọn náà ti dàgbà. Mo fẹ́ páìpù tó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 76 mílí, ara ẹ̀ nípọn 3 mílí, aláìlójú-ìránpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù omi ṣe pùròpẹ́là fún yín, ó ní ojú ìránpọ̀, kò rí róbótó dáadáa, síńkì tó wà lára ẹ̀ sì ń rú èéfín burúkú tí wọ́n bá ń jó o. Páìpù tó sanra dáa torí bí ṣáfúù bá ṣe gùn tó ló ṣe máa tètè bẹ̀rẹ̀ sí fì bí okùn tó bá ń sáré, bó bá sì ṣe sanra tó ló ṣe máa pẹ́ kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Toyota fi pín in sọ́nà méjì láti ilé.

Mo jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ náà, mi ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ge ojú jíjó àtijọ́ lórí ẹ̀rọ tọ́nà tó ń yí irin, wọ́n yọ fọ́ọ̀kì méjèèjì, wọ́n gbẹ́ ẹnu páìpù tuntun títí fọ́ọ̀kì fi wọlé pẹ́kípẹ́kí, háńmà ló tì í dópin. Fọ́ọ̀kì tó ní eyín, orí ṣáfúù àlòkù Land Cruiser kan la ti mú u, eyín ẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Bàbá gbé méjèèjì tẹ́ sójú kan, wọ́n fi ìwọ̀n olómi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wẹ́dà wọn bẹ̀rẹ̀ sí jó o, ó tọ̀ ọ́ níbi mẹ́rin, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, ó fẹ́ máa lọ ràì, Bàbá ní, "Dúró, jẹ́ kó mí. Irin tó bá gbóná lójú kan ṣoṣo, ibẹ̀ ló máa fà sí." Díẹ̀ díẹ̀ ló fi jó o yípo.

Síbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n gbé e padà sórí tọ́nà tí wọ́n fi aago ìwọ̀n tì í, abẹ́rẹ́ aago ń mì, ó fi 1.1 mílí yà. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yí i pẹ̀lú ọwọ́ títí wọ́n fi rí ibi tó wú jù, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, wọ́n fi iná gáàsì kàn án níbẹ̀, ojú ibẹ̀ ò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, ó pọ́n, wọ́n wá fi àkísà tó rin fún omi bò ó, ṣàá! Èéfín bo gbogbo wa. Wọ́n yí i, abẹ́rẹ́ aago ti sọ̀ kalẹ̀ sí 0.7. Wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó di 0.3. Ojú tó gbóná máa ń wú, tó bá tutù lójijì á sún kì, á fa irin sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ohun tó tún un ṣe nìyẹn. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀, èyí wú mi lórí gidi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

Kírọ́ọ̀sì mẹ́ta tuntun, gbogbo wọn onímú gírísì. Fàísì la fi tì wọ́n wọlé, kì í ṣe háńmà. Fìlà kẹrin lórí kírọ́ọ̀sì tẹ̀yìn kọ̀, ó wọlé títí ó ku bí ìpọ̀n èékánná kí ihò lọ́ọ̀kì tó ń di fìlà mú hàn. Ẹni tó bá kánjú á lù ú. Ọ̀gá fà á yọ, a wo inú ẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ti ṣubú lulẹ̀ nínú fìlà, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ apá. A fi gírísì lẹ̀ ẹ́ padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà mo fa gírísì sínú ẹ̀ títí ó fi yọ lẹ́nu fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe méjì tàbí mẹ́ta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

A so ó, a sọ táyà kalẹ̀, a kó gàrí padà sẹ́yìn, mo tún wọn ún. Ìdí gíà 3, ṣáfúù àkọ́kọ́ 5, ṣáfúù kejì 10.5, imú díífù 5.5. Ìyẹn ni pé iwájú ń ṣẹ́ ní 2, àárín 5.5, ẹ̀yìn 5. Mo kà á sétí ọ̀gá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká lọ jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ la jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ la gbé e gun ọ̀nà márosẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù. Gbọ̀ọ̀ yẹn ti lọ, kín-ín yẹn ti lọ, 60, 70, 80, ó jẹ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé 85 mo tún rí i lára dígí ẹ̀yìn, ó ń gbọ̀n díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá fọwọ́ lé fíríìjì. Tó bá kọjá 95 kò sí mọ́. Báláǹsì nìyẹn. A ò ní ẹ̀rọ báláǹsì ṣáfúù nítòsí, ọgbọ́n tá a lò ni kílíìpù: kílíìpù rọ́bà omi rédíétọ̀ méjì, a so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣáfúù, orí ìdè wọn ló wúwo. Mo pín ara ṣáfúù sí ọ̀nà mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, a gbé orí kílíìpù sójú kìíní, a wà á lọ wà á bọ̀, a gbé e sójú kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú kẹta ló dáa jù, ojú kìíní burú débi pé mo tètè ṣẹ́rí padà. A wá ń ya orí kílíìpù méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ díẹ̀ díẹ̀ lórí ojú kẹta títí dígí fi dúró jẹ́ẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ kan tó wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò kílíìpù. Ẹ gbọ́ o: tí wọ́n bá máa jó nǹkan mọ́ ara pùròpẹ́là, ara páìpù yẹn gan-an ni kí wọ́n so wáyà ilẹ̀ mọ́, kì í ṣe abẹ́ mọ́tò, torí iná á gba àárín abẹ́rẹ́ kírọ́ọ̀sì kọjá, á sì jẹ wọ́n lára. Èèyàn á ti ba kírọ́ọ̀sì tuntun jẹ́ kó tó rìn.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí. A fi kó pákí, a fi kó obì lọ sí Ṣágámù, a fi kó àwọn ẹbí lọ sí Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Lẹ́yìn 100 kìlómítà àkọ́kọ́ mo tún yúbóòtù dè, méjì nínú wọn gbà díẹ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti oko dé, mo máa ń wọ abẹ́ ẹ̀ kí n fọwọ́ kan fìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ló ní ẹjọ́. Títí di báyìí wọ́n lọ́wọ́ọ́rọ́ bákan náà, kò sí osùn lẹ́nu ọ̀kankan. Ínṣì tí mo fi sílẹ̀, mi ò tíì rí ibi tó ti dùn mí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni abẹ́ mọ́tò kanlẹ̀ ní kòtò àwọn agégi.

Ohun kan ló kù. Páìpù tuntun yìí sanra, nígbà tá a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè kí ásùlù lè so rọ̀ pátápátá, mo rí i pé kébù búréèkì ọlọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ara ẹ̀ ti ń dán lójú kan. Mo ti fi okùn rọ́bà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ọ̀gá ti rọ ìkọ́ irin kékeré kan sílẹ̀ fún un, Sátidé yìí la máa jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ féréèmù.